Ẹ Má Dúró De Ìrọ̀lẹ́ Lónìí

Bàbá Meleane,

Mo ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Pangai láti lọ ta ẹní. Ẹ má bínú pé mi ò jí yín.

Mo fẹ́ jí yín. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, ìkùukùu òkun ti wọ yàrá wa, gbogbo nǹkan funfun bí oje àgbọn. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ yín, ẹnu yín ń lọ bí ẹni tó ń jẹun. Ẹ wá rọra sọ lójú oorun pé, “Màámi, ẹ fi díẹ̀ kún un.” Ó pẹ́ tí a ti sin wọ́n, àmọ́ ẹ pè wọ́n bí ẹni pé wọ́n jókòó tì yín. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí, mo dáhùn pé, “Gbà, ọmọ mi, ó ṣì kù nínú ìkòkò.” Ẹ rẹ́rìn-ín. Mi ò rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu yín látìgbà tí ẹ ti ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, ní ìrọ̀lẹ́ nìkan.

Lú wà lórí tábìlì, ewé kókò tí mo fi oje àgbọn sè mọ́ ẹja, pẹ̀lú iṣu. Bí ẹ bá ti jí, ẹ jẹ ẹ́. Bí ebi bá tún dé lọ́sàn-án, omi ewé ọsàn gbígbóná wà nínú fúláàsì.

Ẹ má gun igi gbẹ̀rẹ̀fútù. Lánàá tí òòyì kọ́ yín lórí rẹ̀, ẹ ní atẹ́gùn ni. Mo mọ̀ pé ebi ni. Dókítà ní kí ẹ dín ara kù, kò ní kí ẹ já bọ́.

Tí ẹ bá jẹun tán, ẹ má fọ abọ́. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i.

Ìyá Meleane