Ọwọ́ Bàbá Nínú Sinimá Olè

Àìkú, ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún
Sinimá olè tí gbogbo ayé ti wò tán láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò lónìí. Mo ń jẹ̀pà, mo ń fi àwọn olè náà rẹ́rìn-ín — títí wọ́n fi dé ìdí àpótí irin. Ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi hàn. Ó fi kọ́kọ́rọ́ gbá irin náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó tì í bọ ihò rẹ̀, ìka kékeré rẹ̀ nà gbọnrangandan. Ọwọ́ Bàbá ni! Ọwọ́ yẹn ló kọ́ mi níṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ gígé. Ṣé n ò ní mọ̀ ọ́n?

Ajé, ọjọ́ kẹrin
N kò lè jókòó. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ni mo gé bàjẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún
Mo bi Bàbá. Ikọ́ ló kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn. Ó ní òun ni lóòótọ́. Ọ̀gá tó ya sinimá ló ní kí òun búra pé òun ò ní sọ fẹ́nì kankan, kí àwọn òǹwòran lè gbà pé òṣèré yẹn ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá ẹ̀yìn, tó ń fi àpótí àwọn onísinimá dánra wò.

Yàrá ẹ̀yìn! Ibẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n mi ti ká Bàbá mọ́ ìdí àpótí tí kì í ṣe tiwa, tó pè é lólè, tó kó ẹrù rẹ̀ jáde, tí kò padà wá mọ́. Mo ní kí ló dé tí kò ṣàlàyé fún un. Bàbá ní ìbúra ni ìbúra, àti pé ó yẹ kí ọmọ òun mọ òun. Olóríkunkun Àgbà! Mo sunkún ìbínú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà
Mo fi sinimá náà ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n. Bàbá ti lọ gẹ irun.

Ọjọ́bọ̀
Kò fèsì.

Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ
Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Bàbá bi mí kí ọ̀sán tó pọ́n — ṣé ó ti wò ó?

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án
Ẹ̀gbọ́n pè. Ó ní, "Àbúrò, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wo sinimá yẹn. Ojú ẹsẹ̀ ni mo mọ ọwọ́ Bàbá." Ojú ló ń tì í, ló wí. Ẹyin lọ̀rọ̀, ẹni tó pe bàbá rẹ̀ lólè, ẹnu wo ló fẹ́ fi kí i? Ọ̀la ni òun máa wá, ọ̀la ni, ọdún ń gorí ọdún. Mo bú u. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó pa fóònù.

Bàbá ti wọ bàtà, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ṣé ó ti wò ó.

Mo ní rárá o, kò tíì wò ó.