Dókítà Ẹja Gba Àbúrò Rẹ̀ Là

Ọmọ mi àtàtà,

Bí o bá wà lórí ìjókòó, dìde dúró, torí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí kò ṣe é jókòó kà. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwọn tí ò ń kọ́ níṣẹ́ ńkọ́? Iná rẹ kò ní jó àjórẹ̀yìn láéláé. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ sọ fún ọ pé kò sẹ́ni tó kú, kí àyà rẹ má baà já. Mo ti sọ ọ́.

Ìwé pẹlẹbẹ tí o kọ lédè wa nípa ìlera àwọn tó ń gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n wọ ìsàlẹ̀ omi, èyí tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, n kò ní purọ́ fún ọ, abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì ni mo fi í sí. Inú mi kò dùn nígbà náà. Èèyàn rán ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, ọmọ wá ń tọ́jú àwọn tó ń lọ sábẹ́ omi, níbi tí ẹja ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́ láìsí dókítà. Bàbá Dókítà Ẹja ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, mo ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń dùn mí.

Ìgbà tí àbúrò rẹ ríṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún òpó afárá ṣe, tó di pé òun náà ń wọ odò, ni mo fa ìwé náà yọ, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àṣé iṣẹ́ táyà tí mo ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún ni o lọ kọ́ ní yunifásítì. O ní ẹni tó ń gòkè bọ̀ kò gbọdọ̀ sé èémí, kí afẹ́fẹ́ má baà wú bẹ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ta ni kò mọ ìyẹn? Táyà tó bá kún jù, tí oòrùn mú, ṣé kò ní bẹ́ ni? O ní ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe kò gbọdọ̀ wọ omi nítorí etí rẹ̀, mo sì ń yẹ imú àbúrò rẹ wò láràárọ̀. O ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lómi kò gbọdọ̀ wọ bàálù títí di ọjọ́ kejì. Mo kéde rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò, òfin yẹn nìkan sì ni ẹnikẹ́ni kò tíì rú.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, afẹ́fẹ́ sìlíńdà àbúrò rẹ fẹ́ tán, ó sì sáré gòkè. Ó délé, ó ní oríkèé ń ro òun, ara ń yún òun. Ọ̀gá wọn ní àárẹ̀ lásán ni, kó mu ọtí díẹ̀ kó sùn. Mo ṣí ìwé rẹ, mo rí i pé hóró afẹ́fẹ́, bí èyí tó ń yọ lójú omi tó ń hó, lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá yára gòkè. Iṣẹ́ mi dé nìyẹn. Mo gbé ọpọ́n ńlá tí mo fi ń yẹ túùbù wò, mo pọn omi kún un, mo ní kó jókòó sínú rẹ̀ kí n rí ibi tó ti ń jò. A wò ó títí, omi kò hó. Mo ti fẹ́ sọ pé ara ọmọ mi kò jò níbì kankan nígbà tí ìyá rẹ bi í bóyá omi náà kò tutù jù. Ó ní ẹsẹ̀ ọ̀tún òun mọ̀ ọ́n, tòsì kò mọ nǹkan kan.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ṣí ojú ìwé kejì, o ní bí ẹsẹ̀ bá kú, wọn kò gbọdọ̀ dá ẹni náà padà sínú omi. Inú omi ló kúkú wà. Èmi àti ìyá rẹ fà á jáde, a tẹ́ ẹ gbalaja sínú mọ́tò, ó di ilé ìwòsàn ńlá tó ní yàrá ìfúnpá tí o kọ sínú ìwé, níbi tí wọ́n ti ń fi agbára afẹ́fẹ́ fún hóró inú ẹ̀jẹ̀ pa. Awakọ̀ ní ọ̀nà orí òkè ló yá. Mo ní rárá, bí bàálù bá burú fún un nítorí gíga, òkè náà ga. Ọ̀nà ìsàlẹ̀ la gbà.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní báwo ni èmi àti aláìsàn ṣe rí síra wa. Mo kọ ọ́ pé a kò níjà, àmọ́ kì í tètè gbọ́ràn. Wọ́n tì í mọ́ yàrá irin roboto kan, mo yọjú, mo rí géèjì lára rẹ̀ bíi ti ẹ̀rọ tí mo fi ń fẹ́ táyà gẹ́lẹ́, ọkàn mi sì balẹ̀. Wákàtí márùn-ún ni mo fi dúró ti géèjì yẹn, tí mo ń bẹ nọ́ọ̀sì pé kó má jẹ́ kó kún jù.

Dókítà àgbà, bàbá onírùngbọ̀n funfun, bi mí pé ta ló ní kí n má gba orí òkè. Mo ní ọmọ mi tó jẹ́ dókítà ni, mo sì na ìwé rẹ sí i. Ó wo orúkọ ara ìwé, ó ní ìwọ lo kọ́ òun. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ kí ìyá rẹ gbọ́. Ọmọ mi, mo kẹ́gàn iṣẹ́ rẹ, iṣẹ́ rẹ ló sì bá mi gba ọmọ mi là. Má bínú sí bàbá rẹ.

Ọ̀gá iṣẹ́ àbúrò rẹ ti ní kí n máa ka ìwé náà fún àwọn òṣìṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Fi ogún ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́, kí o sì fi owó díẹ̀ tì í, torí olùkọ́ kò gbọdọ̀ wọ aṣọ tí ìdọ̀tí táyà ti bà jẹ́. Ìmọ̀ rẹ kò ní di ẹrù lé ọ lórí, ọmọ tìrẹ náà yóò kọ́ ọ ní ohun tí o kò mọ̀.

Àbúrò rẹ ló ń mú lẹ́tà yìí lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo fún un lówó ọkọ̀, ó dá a padà, ó ní ẹsẹ̀ lòun fẹ́ fi rìn.

Èmi ni, bàbá rẹ.