Ọ̀rọ̀ Eré Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Bọ̀ Lọ́nà Òkukù

Ilé Káfíńtà Ọmọ́jọlá,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi,
Ìnísà.

Ẹ̀rínọlá ọmọ mi, Àyìnkẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ ń wọlé sára? Èmi àti ìyá rẹ wà láàyè, a sì ń kí ọ láti inú yàrá títí dé ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́run tó sìn ọ́ dé Èkó láyọ̀, òun náà ni yóò máa bá ọ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, táyà rẹ kò ní bẹ́, búréèkì rẹ kò ní já lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àmín. Mo mọ̀ pé fóònù wà o, ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, kí n tó sọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ìwọ á ti ní kí n fọkàn balẹ̀, owó á sì tán. Ìwé ò lè já lu ọ̀rọ̀ mi, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́.

Gbogbo ilé wà dáadáa. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Ewúrẹ́ rẹ̀ ti bímọ, ìbejì ni, ọ̀kan nínú wọn máa ń forí gbá ilẹ̀kùn kó tó wọlé, ìyá rẹ sì ní èmi ló jọ. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ohun tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn rèé. Mo lọ sí Ìkìrun lọ ra ìṣó àti gọ́ọ̀mù, òjò sì lé mi wọ abẹ́ páànù Ọláìtán, ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nítòsí gáréèjì. Àwọn ọkùnrin pọ̀ níbẹ̀ bí ẹni wá gba ìdájọ́, eré kẹ̀kẹ́ àwọn obìnrin tó ń bọ̀ ni wọ́n ń jà sí, èyí tí wọ́n máa gbéra láti Òṣogbo, kí wọ́n gba Ìkìrun àti Ìnísà lọ sí Òkukù, kí wọ́n tó yí padà. Èyí tí ìwọ náà wà nínú rẹ̀ ni. Mo dákẹ́, n ò sọ pé èmi ni bàbá ẹnikẹ́ni, torí mo fẹ́ gbọ́ òótọ́ bó ṣe wà.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Jọláyẹmí, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, ní Ọmọ́dára ará Ìlọrin ló máa gbé e, torí ó ń gun òkè bí ẹni ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé bàbá rẹ̀. Ọláìtán ní irọ́ ni, Fọláfúnmi ará Èkó ni, pé bó bá ti ku díẹ̀ kí wọ́n dé, kò sẹ́ni tó lè bá ẹsẹ̀ obìnrin náà. Ni ẹnì kan bá ní Ẹ̀rínọlá ará Ìnísà yẹn ńkọ́. Mo sún mọ́ wọn. Jọláyẹmí ní ìyẹn ò lọ gba ipò kankan, dòmẹ́sítíìkì Fọláfúnmi ni. Mo gbọ́ òyìnbó yẹn yékéyéké, ọmọ ọ̀dọ̀ ló túmọ̀ sí! Wọ́n ní ìwọ lò ń padà sẹ́yìn lọ gba omi nínú mọ́tò wá fún un, tí ò ń ki ìgò sínú ẹ̀wù lẹ́yìn bí ẹni pọn ọmọ. Wọ́n ní ìwọ lò ń wà níwájú kí atẹ́gùn má baà lù ú, tó bá sì ti rẹ̀ ọ́ tán, wọ́n á já ọ sílẹ̀ lórí òkè, wọ́n á máa lọ. Wọ́n ń sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò á rọ̀. Ẹ̀rínọlá, èmi ò rán ọmọ lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ o. Bó bá jẹ́ omi pípọn ni, kànga wà nínú àgbàlá wa.

Mo ṣì ń gbé èyí mì lọ́wọ́ ni Jọláyẹmí tún ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà láàárín Ìnísà àti Òkukù ni Ọmọ́dára ti máa ṣe àtáàkì. Gbogbo wọn mirí. Ọláìtán ní òun mọ ojú ibẹ̀ gan-an, lẹ́yìn àwọn igi kajú, níbi tí kò sí ilé. Ẹnì kan tiẹ̀ ń yọ̀, ó ní òun á lọ dúró síbẹ̀ kóun fi fóònù yà á. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí, orí rédíò ni mo ti máa ń gbọ́ àtáàkì, tí wọ́n bá sì ti dárúkọ rẹ̀, iye òkú ni wọ́n máa ń sọ tẹ̀lé e. N ò mọ bí mo ṣe délé. Mo gbàgbé gọ́ọ̀mù sọ́dọ̀ wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo sọ fún ìyá rẹ pé mò ń lọ wọn ilẹ̀kùn ẹnì kan, mo sì gba àgọ́ ọlọ́pàá Ìkìrun lọ. Ọ̀gá obìnrin kan ló dá mi lóhùn, ó fún mi ní àga. Mo ní àwọn kan fẹ́ ṣe àtáàkì ní ọ̀nà Òkukù. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ta ni, mo ní Ọmọ́dára ará Ìlọrin. Ó ní ṣé ìbọn ni wọ́n máa lò ni àbí àdá, mo ní n ò gbọ́ nípa ìbọn, ẹsẹ̀ ni wọ́n ní ó le. Ó wò mí títí. Ó ní lẹ́nu ta ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì dárúkọ Ọláìtán àti Jọláyẹmí, ló bá ní kí àwọn ọlọ́pàá lọ mú wọn wá.

Mo fẹ́ kí o mọ bó ṣe rí. Ọláìtán dé pẹ̀lú gírísì lọ́wọ́, ó ń gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ sáré tẹ̀lé e láì wọ bàtà, ó ń sunkún, ó ń bi gbogbo ènìyàn pé kí ni ọkọ òun jí. Jọláyẹmí ni kò gbọ̀n. Nígbà tó gbọ́ ẹ̀sùn náà, ó tọrọ bírò mélòó kan lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá, ó to àwọn bírò náà sórí tábìlì, ó ní àwọn kẹ̀kẹ́ nìyí. Ó ní èyí tó wà níwájú ni atẹ́gùn ń lù, àwọn tó kù ń sá pa mọ́ sẹ́yìn rẹ̀, àtáàkì ò sì ju pé kí ọ̀kan ṣàdédé tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan kó fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà. Ó tiẹ̀ bi í pé ta ló rò pé ó máa gbé e, ni àríyànjiyàn bá tún bẹ̀rẹ̀ nínú àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọláìtán ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní bàbá, kí ni mo fi ṣe yín, ṣebí òjò ló pa yín tí mo ní kẹ́ ẹ wọlé. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ pé èmi ni bàbá Ẹ̀rínọlá.

Ọ̀gá náà ní kí gbogbo wa máa lọ sílé. Ọláìtán nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó fà mí jáde sábẹ́ igi, ìyàwó rẹ̀ àti Jọláyẹmí sì tẹ̀lé wa. Ọláìtán yọ fóònù, ó ní ṣé ẹ ti rí ohun tí ọmọ yín ṣe nínú eré tó kọjá. Mo ní rárá, pé ohun tí o sọ fún wa ni pé ó lọ dáadáa. Mo wá rí ọ, o kéré bí èèrà, ẹnu rẹ là sílẹ̀, ò ń wa kẹ̀kẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo bẹ Ọláìtán pé kó dá a dúró díẹ̀ kí ọmọ mi mí. Ó tẹ̀ ẹ́, gbogbo yín sì dúró, ṣùgbọ́n mo wò ọ́, o ò mí, ẹnu rẹ ṣì là bákan náà, ni mo bá ní kó yáa tún tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ. Bí táyà Fọláfúnmi ṣe bẹ́ nìyẹn. Mo rí i tí o bọ́ sílẹ̀, o yọ táyà tìrẹ, o fi fún un, o tì í lẹ́yìn kó lè gbéra. Ó lọ. Ìwọ dúró létí títì, o gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan dání, ò ń wo ọ̀nà. Ọláìtán ní Fọláfúnmi ló gba ipò kìíní lọ́jọ́ náà, pé bí kì í bá ṣe ìwọ ni, kò lè gbà á. Ìyàwó rẹ̀ náà ti dá ẹkún dúró, ó ní ọmọ yìí ò jẹun dáadáa.

Mo bi wọ́n léèrè pé ta ló wá ń dí atẹ́gùn fún ìwọ. Ọláìtán wo Jọláyẹmí, Jọláyẹmí ń wo bàtà rẹ̀.

Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ. Kò bá mi jà. Ó wọ yàrá, ó gbé súwẹ́tà tó máa ń wọ̀ nígbà ọyẹ́ jáde, ó ní kí n fi ránṣẹ́, kí o wọ̀ ọ́ sábẹ́ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Mo sọ fún un pé Ọláìtán ní á máa wúwo fún ọ. Ó ní ṣé Ọláìtán ló bí ọ ni. Súwẹ́tà náà wà nínú àpò tí dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ Èkó máa gbé wá, bí o kò bá wọ̀ ọ́, má sọ fún ìyá rẹ.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra nǹkan ẹlẹ́rìndòdò tu Ọláìtán àti ìyàwó rẹ̀ lójú, torí mo dẹ́rù bà wọ́n. Dẹ́rẹ́bà náà ni kí o fún, má fi sí báńkì. Ẹ̀rọ tó wà lára ògiri báńkì bi mí ní nọ́ńbà àṣírí mi, mo sì sọ ọ́ fún un ketekete lójú gbogbo ènìyàn, kò dá mi lóhùn.

Ọjọ́ eré náà, èmi, ìyá rẹ, Ọláìtán àti ìyàwó rẹ̀ la máa wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, n ò ní purọ́ fún ọ. Ọláìtán ní àwọn tó kù lè ti kọjá lọ tipẹ́ kí o tó yọ, àwọn ènìyàn á sì ti túká. Kí wọ́n túká. Wá jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ. Àwa ò ní kúrò níbẹ̀ títí a ó fi rí ọ.

Ẹsẹ̀ rẹ á gbé ọ, ọ̀nà á gbà ọ́, Ọlọ́run á rántí ẹni tó ń ti ẹlòmíràn lẹ́yìn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Titus Ọmọ́jọlá, káfíńtà.