Má Gbé Oògùn Irun Yẹn Mì Mọ́

Ìyàwó wa Adéfúnkẹ́,

Bó o bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tó ò rí ìgò oògùn irun rẹ, èmi ni mo jí i. Mo fẹ́ gbé ẹyọ kan mì kí irùngbọ̀n mi lè gùn dé Ìsùàdà. Mo wá lọ fi yangàn níwájú Anti Margaret, nọ́ọ̀sì ilé kejì. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, ojú rẹ̀ yí padà.

"Dùnsìn, ṣé Fúnkẹ́ tó lóyún ló ń lo èyí?"

"Méjì-méjì ló ń gbé mì, mà!"

Ó ní fítámì A inú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún aláboyún, ó lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Àpọ̀jù rẹ̀ tún máa ń mú irun já. Kò sọ pé nǹkan ti ṣe ọmọ wa o, ṣùgbọ́n ó ní kí o wá rí òun ní ilé ìwòsàn lónìí.

Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín, torí ejò rọ́bà tí mo jù sínú àpò ìrẹsì lọ́jọ́sí. Eléyìí kì í ṣe ejò rọ́bà. Ẹ̀wà àti ẹyin wà nínú ìkòkò. Iyọ̀ rẹ̀ tó òkun, ṣùgbọ́n jẹ ẹ́, oúnjẹ ló ń mú irun hù.

Mo ti sáré lọ pe Ẹ̀gbọ́n lóko Ẹmùré, torí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀. Fóònù tìrẹ ti kú, mo fi tèmi sílẹ̀ fún ọ, mo sì ti yọ páàsìwọ́ọ̀dù rẹ̀. Rò ó wò: èmi tí mò ń gbé fóònù wọ ilé ìwẹ̀!

Pe Anti Margaret kó o tó jókòó.

Ọkọ rẹ kékeré