Ojú Òsì Ni, Kì í Ṣe Ojú Ọ̀tún

Yàrá Àyẹ̀wò Ojú,
Ilé Ìwòsàn Ìjọba,
Òpópónà Ilé-Ìwé.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìrántí Àwọn Sójà Tó Kú Sójú Ogun,
Gbọ̀ngàn Ìrántí.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÀWÒRÁN ỌMỌ Ẹ̀GBỌ́N MI TÓ WÀ LÁRA ÒGIRI YÍN

1. Dókítà ojú ni mí. Àwòrán tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn yín ni ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, sójà tó kú sójú ogun lókè òkun lọ́dún tó kọjá. A dúpẹ́ pé ẹ kò gbàgbé rẹ̀. Àmọ́ wọ́n tẹ àwòrán náà lódì, ohun tí èyí sì ń fà nínú ilé wa ti ń kọjá agbára wa.

2. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ yìí ni ipénpéjú òsì rẹ̀ ti rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Kò dí i lọ́wọ́ láti ríran. Èmi fúnra mi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é ní Olójú-Oorun, òun náà a sì dá wọn lóhùn pé, "Ojú kan ń sùn, ojú kejì ń ṣọ́ yín." Lára ògiri yín, ipénpéjú ọ̀tún ló rọ̀.

3. N kò dá ẹni tó bá yín tẹ̀ ẹ́ lẹ́bi. Àwòrán tí ó lò, ọmọ náà ló fi fóònù ya ara rẹ̀ ní ibùdó àwọn sójà. Bí èèyàn bá ń fi fóònù ya ara rẹ̀, ọ̀pọ̀ fóònù ń ṣe bíi dígí: ọ̀tún á bọ́ sí òsì, òsì á bọ́ sí ọ̀tún. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. Kò sí lẹ́tà kankan láyà rẹ̀ tí ì bá tú àṣìṣe náà fó.

4. Pósí rẹ̀ dé pẹ̀lú àṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i. Ẹ̀gbọ́n mi kò rí ojú ọmọ rẹ̀. Àwòrán yín ló kọ́kọ́ rí lẹ́yìn ìsìnkú, lọ́jọ́ tí ẹ ká aṣọ kúrò lára rẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní, "Ọmọ ọlọ́mọ lẹ gbé wá fún mi. Tèmi ṣì wà níbẹ̀." Láti ìgbà náà ló ti ń fọ aṣọ ibùsùn ọmọ rẹ̀, tó ń tẹ́ ẹ padà. Bí ẹnikẹ́ni bá wá kí i kú àfẹ́kù, á ní kí wọ́n lọ wá ìyá ọmọ ara ògiri yẹn kàn, kó má baà máa dá sunkún.

5. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fóònù àti dígí fún un. Ó ní, "Dókítà, ojú gbogbo ayé lo mọ̀. Ojú ọmọ mi lèmi mọ̀." Òótọ́ ló rí.

6. Akọ̀wé yín sọ fún mi ní kọ́rídọ̀ pé, "Ẹni tó ti lọ, kí ni òsì àti ọ̀tún tún fẹ́ ṣe fún un?" Kò lè ṣe nǹkan kan fún un mọ́. Ìyá rẹ̀ ló kù.

7. Mo bẹ̀ yín, ẹ yí àwòrán náà padà, kí ipénpéjú tó rọ̀ wà lápá òsì. Òsì tirẹ̀ ni mò ń wí, ìyẹn ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń wò ó. Mo ti rò ó títí bóyá kí n fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ pẹ̀lú ìrètí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí báyìí, ó ní òun ń lọ wá ọmọ òun lókè òkun. Mo mọ ohun tí mò ń tọrọ. Ọjọ́ tó bá dúró níwájú ojú tó mọ̀, ọjọ́ yẹn ni ọmọ rẹ̀ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọjọ́ náà fún mi ṣáájú, kí n lè wà níbẹ̀ láti dì í mú.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín nínú ọ̀fọ̀ yìí,

Àbúrò ìyá olóògbé,
Dókítà Àgbà, Ẹ̀ka Ìtọ́jú Ojú.