Lórí Ilé Àpápá Tí O Fẹ́ Tà

Abà Ọlọ́runńdá,
Lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó,
Oṣù Kejì, 1994.

Níyìọlá ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ìrọ́jú, mo kí ọ kú ará-fẹ́ra-kù. Kí Ọba tó ń tu opó nínú tu ìwọ náà nínú, nítorí n kò rí ibi tí Bíbélì ti ní obìnrin nìkan ni opó. Irú èyí kò ní ṣẹlẹ̀ sí wa mọ́. Ìyá rẹ kí ọ púpọ̀. Orúnkún rẹ̀ ṣì ń dùn ún ṣùgbọ́n kò yéé lọ sóko, òjò àìrotẹ́lẹ̀ sì ba kòkó tí a sá jẹ́ lójú wa. Ewúrẹ́ abilà bí ìbejì, ọ̀kan kú.

Mo mọ̀ pé o ti ń bi mẹ́gádì léèrè ibi tí mo wọlẹ̀ sí. Mo ti délé. Má bínú pé n kò dúró kí o sìn mí dé gáréèjì, ohun tí mo rí ni kò jẹ́ kí n lè wò ọ́ lójú, òun náà ni mo sì fẹ́ rò fún ọ.

Lẹ́yìn tí a sin Lilian ìyàwó rẹ, o kọ̀wé pé kí n fọwọ́ sí i kí o ta ilé Àpápá. N kò fèsì, nítorí pé mo fẹ́ fẹsẹ̀ ara mi wá sọ ọ́ lójú rẹ pé n kò gbà. Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ pé dúpílẹ́ẹ̀sì ni o rà, tó ní ọgbà òdòdó nísàlẹ̀, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ sì wà nínú ilé bí ẹni pé òjò ń bà á lẹ́rù, èmi ni mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ní ilé ọmọ mi ń jẹ́ Dúpẹ́, gbogbo ìjọ sì dúpẹ́ lóòótọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ tún dìde pé a ti ta Dúpẹ́?

Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo dé, o gbé oúnjẹ wá fún mi, o ní Ṣìkẹ́mi ọmọ rẹ wà ní ilé ìwé tí wọ́n ń sùn sí, o ní iṣẹ́ alẹ́ ń dúró dè ọ́ ní wọ́ọ̀fù, o sì lọ. Mo gbà ọ́ gbọ́. Tẹlifóònù inú pálọ̀ ń dún, n kò gbé e, nítorí kò yẹ kí n máa gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán sí ẹlòmíràn. Nígbà tó ń ké bí ọmọ tí ebi ń pa, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo fi aṣọ bò ó.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo rìn yí àdúgbò ká, àdúgbò náà kì í ṣe èyí tí mo mọ̀. Ilé dókítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ti di ibi tí wọ́n ń to kọ̀ǹténà sí, wọ́n ti gé igi máńgòrò rẹ̀ tán. Tírélà tò láti Creek Road títí dé ẹnu géètì rẹ, àwọn awakọ̀ ń dáná lábẹ́ wọn, wọ́n ń wẹ̀ lẹ́bàá gọ́tà láìtijú. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ Gẹ̀ẹ́sì sára ògiri kan, mẹ́gádì ní ohun tí wọ́n kọ ni pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ó yà mí lẹ́nu. Èmi kì í jí ewúrẹ́, ṣùgbọ́n n kò kọ ọ́ sára ògiri mi rí.

Kò pẹ́ sí i ni Tájù dé, ọkùnrin tí o ní ó ń bá ọ wá ẹni tí yóò ra ilé, òun àti ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun báláú. Mo rò pé ọkùnrin náà wá kí wa kú ọ̀fọ̀ ni. Mo gbé àga sínú ọgbà fún un, mo fún un lómi, mo sì fi ibi tó ti ṣẹlẹ̀ hàn án. Mo ní ibí ni Lilian ti ń sá aṣọ, tírélà ń fẹ̀yìn rìn níta, kọ̀ǹténà já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì wó ògiri lù ú. Ọkùnrin náà ń wolẹ̀, mo rò pé àdúrà ló ń gbà, mo bá a ṣe àmín. Ó dìde, ó rìn lọ síbi tí ògiri ti ya, ó wá ní, “Bàbá, ṣé tírélà lè gba ibí wọlé?”

Ọmọ mi, n kò tètè mọ ohun tó ń sọ. Tájù fa téèpù yọ láti wọn ibẹ̀, mo bá wọn di etí kan mú, nítorí mo rò pé wọ́n fẹ́ tún ògiri náà mọ ni. Tájù ló là mí lóye. Ó ní wọn yóò hú òdòdó kúrò, wọn yóò da kọnkéré sí gbogbo ọgbà náà, tírélà ni yóò máa sùn níbẹ̀, àwọn awakọ̀ yóò sì máa gbé yàrá òkè. Mo jọ̀wọ́ téèpù náà sílẹ̀.

Inú bí mi sí ọ. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Àmùkókò láti lọ fi ẹjọ́ rẹ sun ìyá ìyàwó rẹ, Màmá Onome, nítorí mo mọ̀ pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀ yẹn yóò gbè mí. Ṣìkẹ́mi tí o ní ó wà nílé ìwé ni mo bá lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń jẹ ẹ̀bà. Bí mo ṣe ní kí n gbé e, tírélà kan fun fèrè níta, ó jìnnà. Ọmọ náà gbé àwo rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Kò ké, kò sì sí ẹni tó yà lẹ́nu. Ìyá àgbà rẹ̀ kàn ti ife omi sí i lábẹ́ ibẹ̀ ni. Ẹní wà nílẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì náà, mo sì rí ṣẹ́ẹ̀tì tí o wọ̀ nígbà tí o gbé oúnjẹ wá fún mi lórí ìṣó.

Màmá Onome sọ ohun tí o fi pamọ́ fún mi. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Lilian, ìwọ kò sùn ní Àpápá rí, pé orí ẹní yẹn lo máa ń sùn kí ọmọ lè máa nawọ́ sílẹ̀ fọwọ́ kàn ọ́. Mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n ilé yẹn ni ògo ìdílé wa. Ó wò mí, ó ní, “Baba, house no be pikin.” Mo ní kí ó sọ ọ́ ní Yorùbá fún mi. Ó ní, “Ilé kì í ṣe ọmọ, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó tà á.”

Mo bọ́ agbádá mi, mo na ara mi sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ti orí bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ rẹ sún àwo sọ́dọ̀ mi, a jọ jẹ ẹ̀bà náà tán nínú òkùnkùn.

Nítorí náà, tà á. Mo fọwọ́ sí i. Kó tà fún ọkùnrin aláṣọ funfun tàbí fún ẹlòmíràn, tà á, má sì fi ẹ̀yìn wò ó. Ṣùgbọ́n má dá lọ kó ẹrù Lilian, mú Onome ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání. Bí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, fi owó kẹrosíìnì àti ti òògùn orúnkún ìyá rẹ rán ẹni tó bá ń bọ̀, a kò ní pè é ní kékeré.

Mú Ṣìkẹ́mi wá bá wa ṣe Àjíǹde. Kí ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ gbà ọ́ dúró, kí oorun rẹ padà wá bá ọ, kí o má sin ọmọ láéláé. Ìyá rẹ ti kun yàrá inú. Sọ fún ọmọ náà pé ọ̀nà abà wa tóóró, igbó há a mọ́, ẹrù tó tóbi jù tó ń gba ibẹ̀ kọjá ni agbọ̀n kòkó, orí èèyàn ló sì máa ń wà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Èsékíẹ́lì Ọláolúwa.