Púlọ́ọ̀gì Wà Lápò Mi

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Minna títí dé Ọ̀fà, àyà mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lójú ọ̀nà. Mo kí Bàbá àgbà, mo kí Àǹtí Sìdí àti àwọn ìbejì rẹ̀ tó ń jí ṣúgà. Mo ní kí Tíṣà ka lẹ́tà yìí sókè lójúde, torí ojúde náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ Bùọ̀dá Lékè láti ìgbà tí a ti sin ín.

Ooru ibí ò kéré. Bí mo bá gbé sípánà sílẹ̀ lọ́sàn-án, ó kù díẹ̀ kó yọ́. Iṣẹ́ ń lọ ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Tunga. Owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá, ẹ fi ra ọṣẹ. Bẹ́ẹ̀dì wa ló wá fẹ̀ jù. Mo ṣì ń sùn mọ́ ògiri, mi ò lè sún sí àyè Bùọ̀dá.

Màámi, ẹ sọ lórí fóònù pé ọ̀mùtí ni ẹ̀gbọ́n mi, pé kí n di ẹrù mi kí n máa bọ̀ kí ọtí má baà pa èmi náà. Káàdì tán kí n tó fèsì. Èsì mi rèé.

Bùọ̀dá mutí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n òun ló ṣòfin fún gbogbo àwa ọmọ ṣọ́ọ̀bù. Lọ́sàn-án Sátidé, tí a bá lọ mu burukutu, ọtí ọkà bàbà tí ìyá Gwari kan ń pọn lẹ́yìn bárékè, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fẹnu kan igbá láìjẹ tuwo yó. Omi ní láti tẹ̀lé ọtí. A kì í da ògógóró pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń pariwo pé ojú òun ṣì dá ṣáṣá, òun là ń gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnì kan ò sì ní mu rárá: kunu, omi ọkà tí kì í pa èèyàn, ni tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọ̀kadà yóò wà lápò rẹ̀. Wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìpàdé ìyá ọlọ́mọ là ń ṣe. Bùọ̀dá á ní ìyá ọlọ́mọ kì í kú sí títì.

Sátidé yẹn, èmi ni mo mu kunu. Òjò ṣú, Bùọ̀dá ní òun fẹ́ rí Rakiya, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, ní Chanchaga kó tó rọ̀. Mo ní kò sí kọ́kọ́rọ́. Ó pè mí ní Alhaji Kunu, ó ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún jẹ tuwo. Ó dìde, mo rò pé ó lọ tọ̀ ni. Màámi, a ti gbàgbé pé mẹkáníìkì ni wá. Kò sí ọ̀kan nínú wa tí kò lè tú wáyà ìdí kọ́kọ́rọ́ kó sì jí ọ̀kadà. Bí mo ṣe gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, mo fọwọ́ kan àpò mi. Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà níbẹ̀. Mo sáré ju gbogbo ẹṣin Bida lọ, wallahi, n ò bá a. Tírélà kan ló dúró lẹ́bàá afárá Chanchaga. Bùọ̀dá ò rí i tó fi forí sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwa ọmọ ṣọ́ọ̀bù péjọ. Danladi nìkan ló búra pé òun ò ní mutí mọ́, kò sì pẹ́ tó fi mu. A ò gba kọ́kọ́rọ́ mọ́. Púlọ́ọ̀gì là ń yọ báyìí, nǹkan kékeré tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti kúrò, bí o tilẹ̀ jẹ́ bàbá mẹkáníìkì, ẹsẹ̀ ni wàá fi rìn. Èmi ni wọ́n ní kí n máa yọ ọ́. Sátidé tó kọjá, Danladi sunkún lẹ́sẹ̀ mi bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú, ó ní ìyá òun ń retí òun. Mo ní kó máa rìn lọ. Ó ń bú mi lọ títí dé Tunga Low Cost. Lọ́jọ́ Ajé ó wá síbi iṣẹ́, ó ṣì ń bú mi. Èébú yẹn dùn létí mi. Mo lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún.

Nítorí náà, Màámi, mi ò tíì lè bọ̀. Bí mo bá wálé, ta ni yóò yọ ọ́? Kọ́kọ́rọ́ Bùọ̀dá ni mo wé sínú ìwé yìí. Ẹ bá mi fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ fọ́tò rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tún pè é ní ọ̀mùtí lójúde, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ náà hàn án, kí ẹ sọ òfin Bùọ̀dá fún un.

Kí Ọlọ́run dá yín sí, kó má jẹ́ kí ẹ tún sin ọmọ mọ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ sọ fún àwọn ìbejì pé mò ń rí ṣúgà náà láti ibí.

Èmi ni ọmọ yín tó kù,
Délé